Yanrìn Tí Ìyá Mi Kò Gbọdọ̀ Tẹ̀

Nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ṣẹ́ fọ́tò ní Òkòkòmáíkò, aṣọ ńlá kan wà lára ògiri tí wọ́n ya òkun sí. Òkun náà búlúù ju òkun gidi lọ. Igi àgbọn méjì dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì rárá, ọkọ̀ ojú omi funfun kan sì wà lókèèrè tí kò kúrò lójú kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti yà á síbẹ̀. Iwájú aṣọ yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń dúró sí tí wọ́n bá wá ya fọ́tò ọjọ́ ìbí. Àwọn ìyàwó sójà láti Navy Town náà fẹ́ràn rẹ̀, àwọn tí wọ́n ń rí omi gidi lójoojúmọ́. Èmi kì í kọ ẹ̀yìn sí i. Bí mo bá ń gbálẹ̀, màá gbá a dé ìdí aṣọ náà, màá wá máa fi ẹ̀yìn rìn padà.

Ọ̀gá mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní, "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, aṣọ ni o! Kò tíì tú sí ẹnikẹ́ni lára rí."

Wọn ò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà, èmi náà kò sì sọ fún wọn.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá àwọn ará àdúgbò wa ní Ọ̀jọ́ sọdá ọ̀sà lọ ṣeré létí òkun. Ọjọ́ kejì Àjíǹde ni. A gbé ìrẹsì, a gbé rédíò. Nígbà tí ó kù díẹ̀ ká padà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ fọ yanrìn kúrò lẹ́sẹ̀. A kọ ẹ̀yìn sí òkun, à ń rẹ́rìn-ín nítorí ohun kan tí mi ò rántí mọ́. Ìgbì kan dé láti ẹ̀yìn. Ohun tí mo lè kọ nípa rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Àwọn apẹja tí wọ́n ń fa àwọ̀n nítòsí ni wọ́n fà mí jáde. Wọ́n rí ẹ̀gbọ́n mi náà kí oòrùn tó wọ̀, níwájú díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ti lọ.

Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tí omi bá pa, etí omi náà ni wọ́n ń sin ín sí, wọn kì í gbé e wálé. Òbí kì í sì í dé ojú oórì ọmọ rẹ̀, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ mọ ibẹ̀. Bàbá mi, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tí kì í fẹ́ gbọ́ nípa nǹkan àbáláyé, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí. Àwọn àgbà abúlé tó wà níbẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ sókè yanrìn, níbi tí omi kì í dé, lẹ́bàá igi àgbọn kan tó tẹ̀. Ìyá kan ti fi aṣọ wé mi, wọ́n gbé mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì sí ẹni tó rántí pé ó yẹ kí wọ́n yí ojú mi kúrò. Bí mo ṣe di ẹnì kan ṣoṣo nílé wa tó mọ ibẹ̀ nìyẹn.

Mi ò ní kọ orúkọ abúlé náà síbí. Kò sí ẹni tó ní kí n má kọ ọ́. Ó kàn wù mí bẹ́ẹ̀ ni.

Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ń wẹ̀, n kì í di ojú. Ọṣẹ á ta mí lójú, màá sì là á síbẹ̀. Tí wọ́n bá rán mi níṣẹ́ sí apá ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ ojú omi ní Ọ̀jọ́, màá rìn yípo gba ẹ̀yìn ilé onílé. Ti ìyá mi yàtọ̀ sí tèmi. Òjò ni tiwọn. Tí òjò bá ti ń ṣú, ìyá mi á dìde níbi yòówù kí wọ́n jókòó sí, wọ́n á lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n á dojú kọ apá ibi tí ọ̀sà wà. Ọbẹ̀ lè jóná lórí iná. Tí òjò bá dá, wọ́n á padà wọlé, wọ́n á ní, "Òjò yìí mà pọ̀ o," bí ẹni pé ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbìn sẹ́yìn ilé ni wọ́n ń rò. Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń rò.

Láàárín àwọn ọdún 1990, bàbá mi kú. Àwọn ẹbí wa ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní kí ìyá mi máa bọ̀ wálé, kí wọ́n wá gbé inú ilé tí bàbá mi kọ́ síbẹ̀. Ìyá mi gbà. Èmi máa gba yàrá kan ní Ìbà, nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ́ọ̀mù ni, mo sì ṣì ń bá ọ̀gá mi ṣiṣẹ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìyá mi wá sí ṣọ́ọ̀bù láti wá ya fọ́tò tí wọ́n máa gbé kọ́ sí pálọ̀ ilé tuntun. Wọ́n wọ bùbá aláwọ̀ ewé, wọ́n jókòó síwájú aṣọ òkun wa, wọ́n sì le ojú koko.

"Ìyá wa, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀," ni ọ̀gá mi wí. "Díẹ̀ péré. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ará ilé rò pé mo nà yín kí n tó yà yín."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, iná kámẹ́rà kọ mànà. Ṣùgbọ́n wọn ò dìde. Wọ́n yí ara padà lórí àga, wọ́n ń wo aṣọ náà.

"Ṣé bí ibẹ̀ ṣe rí nìyí?"

Ọ̀gá mi rò pé àwọn ni wọ́n ń bi. "Ibo, mà? Kò sí irú ibẹ̀ o. Ayàwòrán kan lọ́nà Àlàbá ló yà á fún mi, mi ò rò pé òun gan-an dé etí òkun rí."

"Ọmọ mi ni mò ń bi," ni ìyá mi wí.

Mo ní, "Rárá, mà. Kò rí báyìí."

"Báwo ló wá ṣe rí?"

Mo wo igi àgbọn méjì tó wà lára aṣọ náà. Ìyá mi yíjú sí ọ̀gá mi. "Tí èèyàn bá fẹ́ ya fọ́tò ibì kan, ibẹ̀ nìkan, láìsí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ṣé ó ṣeé yà?"

Ọ̀gá mi bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá wa, ta ló máa wá gbà á? Ilẹ̀ ò ní wá gba fọ́tò ara rẹ̀." Ìgbà tí wọ́n rí ojú èmi àti ìyá mi ni wọ́n pa ẹ̀rín mọ́ra.

Nígbà tí a délé, ìyá mi bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ń ká ìró, wọn ò wo ojú mi.

"Mi ò sọ pé mo fẹ́ débẹ̀. Mi ò sọ pé mo fẹ́ mọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ń lọ, òun máa wà níhìn-ín. Mi ò tilẹ̀ mọ irú ibi tí mo fi í sílẹ̀ sí." Wọ́n ká ìró náà tán, wọ́n tún tú u. "Bá mi bẹ ọ̀gá rẹ kí wọ́n lọ. Àwọn nìkan o! Ìwọ ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan omi yẹn. Ìwọ nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́."

Ìyá mi mọ̀ pé ọ̀gá mi kò mọ ibẹ̀. Èmi náà mọ̀. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ nínú àwa méjèèjì.

Lọ́jọ́ kejì, mo ro gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá mi, láti orí ìrẹsì àti rédíò títí dé orí igi àgbọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n dìde, wọ́n sì ká aṣọ òkun náà sókè, wọ́n fi okùn so ó. Wọn ò tú u sílẹ̀ mọ́ títí di ọ̀sán. Wọ́n wá ní ká lọ ní ọjọ́ iṣẹ́, kí ibẹ̀ lè pa rọ́rọ́, ká sì tètè lọ, nítorí tí oòrùn bá ti gun orí tán, yanrìn á funfun bíi bébà, fọ́tò kò sì ní mú nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n béèrè bóyá mo lè wọ ọkọ̀. Mo ní mi ò mọ̀.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Tí a bá débẹ̀ tí o kò lè wọ̀ ọ́, a ó padà wá ṣí ṣọ́ọ̀bù."

Mo wọ̀ ọ́. Bí mo ṣe wọ̀ ọ́, mi ò lè sọ. Ọ̀gá mi gbé àpò kámẹ́rà lé mi nítan, wọ́n fi okùn rẹ̀ kọ́ mi lọ́rùn. Wọ́n ní, "Di èyí mú. Kò gbọdọ̀ tutù. Iṣẹ́ tìrẹ nìyẹn, má ṣe iṣẹ́ míì." Mo dì mọ́ àpò náà bí ẹni tó pọn ọmọ síwájú.

Ọkùnrin Ègùn tó ń wa ọkọ̀ náà wò mí, ó wo ọ̀gá mi. "Alàgbà, ṣé ẹ jí ọmọ yìí gbé ni? Gbogbo ọkọ̀ mi ló ń gbọ̀n."

"Ẹ́ńjìnnì yín ló ń gbọ̀n," ni ọ̀gá mi dá a lóhùn. "Ọmọ mi jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ rọra máa wà wá lọ, kí ẹ sì dín ẹnu kù."

"Ẹnu ni mo fi ń wa ọkọ̀ yìí o! Tí mo bá dákẹ́, á kú sójú omi."

Àwọn méjèèjì ń bú ara wọn lọ bẹ́ẹ̀ títí a fi sọdá. Ìgbà tí mo dàgbà díẹ̀ sí i ni mo tó rò ó pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ máa ṣe é, kí n lè rí nǹkan gbọ́ yàtọ̀ sí omi.

A rìn gba àárín igbó àgbọn kọjá. Mo ti ń gbọ́ ariwo òkun kí n tó rí i. Nígbà tí a jáde sí gbangba, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Yanrìn náà lọ jìnnà ní apá ọ̀tún, ó lọ jìnnà ní apá òsì. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́ ẹ, ó fi ìlà wẹ́wẹ́ sí i lára bí ẹni pé wọ́n fi òòyà yà á. Akàn kéékèèké ń sá wọ ihò. Ó dára. Ó yà mí lẹ́nu pé ó dára. Fún gbogbo ọdún yẹn, mi ò rántí rí pé ibẹ̀ dára.

Mo lọ wá igi tó tẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, igi kan ṣoṣo ló tẹ̀ lójú mi. Lọ́jọ́ yìí, gbogbo wọn ló dà bí ẹni pé wọ́n tẹ̀. Òkun ti jẹ lára ilẹ̀, kùkùté àgbọn wà níbi tí mo rò pé kò sí tẹ́lẹ̀. Mo bọ́ bàtà, mo rìn lọ, mo rìn bọ̀, ọ̀gá mi ń tẹ̀ lé mi pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, títí ipa ẹsẹ̀ wa fi kún orí yanrìn tó mọ́ yẹn. Mo wá jókòó, mo bú sẹ́kún. Ohun tó ń pa mí lẹ́kún ni pé ìyá mi máa nawọ́ sí fọ́tò, wọ́n á ní, "Níbo?" Èmi nìkan ló mọ ibẹ̀, èmi náà kò sì mọ̀ ọ́n mọ́.

Ọ̀gá mi jẹ́ kí n sunkún tó bó ṣe yẹ. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Láti ibo dé ibo ló dá ẹ lójú?"

Mo wò yíká. Mo tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà tí a gbà jáde, mo tọ́ka sí ibi tí àwọn àgbọn ti fún pọ̀ mọ́ra. "Láàárín ibẹ̀ yẹn. Kò lè kọjá ibẹ̀."

"Ó tán nìyẹn. Kámẹ́rà máa gba gbogbo rẹ̀. A kàn máa sún sẹ́yìn ni."

Wọ́n gbé kámẹ́rà lọ́wọ́, wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn, wọ́n sì gbé e sójú. Bí iṣẹ́ ṣe mọ́ wọn lára, wọ́n kígbe, "Ó yá, lọ dúró sáàárín! Gbé ọwọ́ kan sí ìbàdí. Gbé àgbọ̀n sókè, rẹ́rìn-ín!"

Mi ò mira. "Ọ̀gá, mi ò lè dúró síbẹ̀. Ìyá mi ò gbọdọ̀ rí mi níbẹ̀."

Ọ̀gá mi fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara wọn níwájú orí. "Ẹ wo ẹnu mi! Má bínú, ọmọ mi." Wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n tún gbé kámẹ́rà sójú, wọ́n wò ó títí, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀. "Mi ò rí ibi tí mo máa gbé ojú sí. Ojú èèyàn ni mo mọ̀ ọ́n yà. Ìwọ lo mọ ohun tí ò ń wò. Wá yà á."

Mo gba kámẹ́rà. Nígbà tí mo fi ojú sí i, ẹnu ọ̀nà wọlé, ṣùgbọ́n ibi tí àgbọn ti fún pọ̀ kò wọlé. Mo sún sẹ́yìn. Kò wọlé síbẹ̀. Mo tún sún. Yanrìn abẹ́ ẹsẹ̀ mi wá tutù, ó sì le. Ìgbà yẹn ni mo mọ ibi tí mo dé. Òkun wà lẹ́yìn mi, mo sì kọ ẹ̀yìn sí i.

Mo yí padà kíá. Omi ń lọ, omi ń bọ̀. Mi ò lè wo òkun kí n sì ya yanrìn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Wọ́n ká ṣòkòtò dé orúnkún, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n wá dúró lẹ́yìn mi, wọ́n fi ẹ̀yìn ti ẹ̀yìn mi, wọ́n dojú kọ òkun.

"Èmi ń wo omi. Ìwọ, wo yanrìn."

Mo gbé kámẹ́rà sójú.

"Ọ̀kan ń bọ̀," ni ọ̀gá mi wí. "Kékeré ni. Ó ti kú lọ́nà. Òmíràn tún ń bọ̀. Ìyẹn náà ò lẹ́mìí. Má kánjú."

Mo ń gbọ́ ohùn wọn láti inú ẹ̀yìn wọn, ó ń wọ ẹ̀yìn mi. Oòrùn ń ti apá ọ̀tún wá, ó nà gbalaja lórí ilẹ̀, gbogbo ìlà tí afẹ́fẹ́ fi sí yanrìn ní òjìji tirẹ̀. Òkè yanrìn funfun, ó gbẹ, igi àgbọn sì fi ibòji bò ó díẹ̀. Mo dá èémí dúró bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi.

"Èyí máa kan ẹsẹ̀ wa o. Ẹsẹ̀ nìkan. Mo dì ẹ́ mú."

Omi kan ẹsẹ̀ mi, mo sì tẹ bọ́tìnì.

Nígbà tí wọ́n fọ fíìmù náà tán, mo gbé fọ́tò lọ fún ìyá mi ní ọ̀sán. Wọ́n wà láàárín ẹrù tí a ti dì. Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n nù ún, wọ́n sì gba fọ́tò náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n gbé e lọ sẹ́nu fèrèsé. Mo dúró tì wọ́n. Mo ti pinnu pé màá yan ibì kan, èyíkéyìí, tí wọ́n bá béèrè, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Mo na ìka, kí n tó fi kan fọ́tò, ìyá mi gbá ìka náà mú.

"Má fi hàn mí," ni wọ́n wí. "Má sọ ọ́ fún mi. Mo ti rí i tó."

Wọn ò fi ìka mi sílẹ̀. Wọ́n ń wo fọ́tò náà lọ, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àgbọn. Wọ́n wá gbé e súnmọ́ ojú. Ipa bàtà ọ̀gá mi wà lórí yanrìn, ipa ẹsẹ̀ lásán kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ta ló rìn láìwọ bàtà?"

Mo wo ẹsẹ̀ mi.

"Ọmọ yìí!" Omi ti dé ojú wọn. "Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Mo ní kí o má débẹ̀, o débẹ̀." Wọ́n mi ìka mi tí wọ́n dì mú jìgìjìgì, bí èèyàn ṣe ń bá ọmọ ọwọ́ wí. Lẹ́yìn náà, ohùn wọn wálẹ̀. "Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ?"

Ìgbà yẹn ló yé mi, gbogbo òjò yẹn, gbogbo ìdúró ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí, inú ilẹ̀ tí omi ń bò ni ìyá mi rò pé ọmọ wọn wà.

"Ó gbẹ, mà," ni mo wí. Èyí, mo mọ̀ ọ́n dájú. "Ó gbẹ gan-an. Omi kì í dé òkè ibẹ̀ yẹn. Oòrùn ń yọ sí i láràárọ̀, àgbọn sì ń ṣíji bò ó."

"Ó gbẹ," ni ìyá mi wí. Wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n fi ìborùn wé fọ́tò náà, wọ́n fi í sáàárín aṣọ wọn nínú àpótí.

Ọjọ́ tí lọ́rì wá kó ẹrù, òjò ṣú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ kí a tó kó o dé ìdajì. Mo sá lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé màá bá ìyá mi. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ohùn wọn ni mo gbọ́ níwájú ilé, wọ́n ń pariwo mọ́ àwọn tó ń kó ẹrù.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fi tapólì bo bẹ́ẹ̀dì mi! Àbí orí ẹní lẹ fẹ́ kí n sùn ni?"

Mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo lọ bá wọn di etí tapólì mú.